Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tó Ń Wọ Funfun

Ọdún 34 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ máa ń bi mí nípa ìdánwò, nípa bí ẹ ṣe máa japa. Kò sí ẹnìkan nínú yín tó bi mí rí pé, "Mọ̀mọ́, báwo lẹ ṣe ń sùn bí aláìsàn bá kú mọ́ yín lọ́wọ́?" Èyí tí ẹ kò bèèrè ni màá dáhùn.

1. Ẹ yé pe gbogbo nǹkan ní "ó rẹ̀ mí." Oorun ń wo àárẹ̀ ara. Bí ẹ bá ti sùn dáadáa, tí àyà yín ṣì ń já kí ẹ tó wọ aṣọ iṣẹ́, tí ohùn aláìsàn lásán ń bí yín nínú, ìyẹn kì í ṣe àárẹ̀. Ẹ ti rí orúkọ rẹ̀ kà nínú fáìlì ẹlòmíràn.

2. Ẹ má gbé òkú lọ sílé. Mo mọ̀ pé ẹnu dùn-ún ròfọ́. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ya lára obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwa nọ́ọ̀sì méjì péré la wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù ló kú. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, fúláàsì omi gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ìròyìn, mo fa iṣẹ́ lé àwọn ti àárọ̀ lọ́wọ́, mo délé, mo ro àmàlà fún àwọn ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí, èmi náà ò sọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń jí ní aago mẹ́ta òru. Fúláàsì yẹn ni mo máa ń rí, kì í ṣe ojú olóògbé. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó túká. Kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ má wá ẹlẹ́bi níbẹ̀.

3. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn kì í ṣe dókítà yín. Àwa nọ́ọ̀sì mọ ìwọ̀n Valium, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Mo lò ó. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

4. Ẹ gbàdúrà. Bí ẹsẹ̀ yín bá kán, ẹ ó gbàdúrà, ẹ ó sì tún lọ ya ẹ̀kìsìréè.

5. Orúkọ lẹ ń sá fún. "Wọ́n rí i ní Aro" tó ọ̀rọ̀ tí í da ìgbéyàwó rú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ yẹn ní 1954, àárín ará abúlé ló fi àwọn aláìsàn sí, pẹ̀lú ìbátan wọn, wọ́n ń bá ará abúlé náà ṣiṣẹ́ oko. Òfin àtijọ́ ló ń pè wọ́n ní wèrè. Ní January 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun, tí kò fẹ́ kí wọ́n torí àìsàn ọpọlọ ya èèyàn sọ́tọ̀. Ó ṣeé ṣe kí mátírọ́ọ̀nù yín má tíì kà á.

6. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ẹni tí ẹ jọ ń jẹun ni yóò ka fáìlì yín, ẹ lọ gba ìtọ́jú ní ìlú mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè fúnra yín forúkọ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies, ìtọ́jú ọkàn nípasẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ, láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà, láìsan kọ́bọ̀. Ní tèmi, mo fi gèlè bo iwájú orí, mo wọ ọkọ̀, mo lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Ta ló kọjú sí mi? Nọ́ọ̀sì tíátà wa! Ó dorí ìwé ìròyìn kodò, ó ń kà á. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Nírọ̀lẹ́, a tún pàdé ní gáréèjì, ó sanwó ọkọ̀ mi. A ti fẹ́ délé kó tó lanu.

"Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni wọ́n ní kí n padà wá. Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní ọjọ́ kan náà ni.