Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ tí Ó Fẹ́ Kọ́ Yógà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ yógà Ashtanga bí olóògbé Pattabhi Jois (1915–2009) ti ń kọ́ ọ ní ìlú Mysore, nílẹ̀ Íńdíà, ẹ wá olùkọ́ tí ó wà nítòsí, nítorí àwòrán inú ìwé kò lè gbọ́ bí èémí yín ṣe ń lọ. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní kùtùkùtù, olúkúlùkù ń lọ ní ìwọ̀n agbára rẹ̀: ẹnìkan lè máa ṣe àwọn ìdúró tí wọ́n ń pè ní kíkí oòrùn, kí ẹnìkejì rẹ̀ ti forí sọlẹ̀, kí ó gbẹ́sẹ̀ sókè, tí olùkọ́ yóò sì máa rìn láàárín wọn, tí yóò fọwọ́ gbé ẹ̀yìn eléyìí ró, tí yóò tún ẹsẹ̀ tọ̀hún ṣe. Kò ní fún yín ní ìdúró tuntun títí èyí tó ṣáájú yóò fi mọ́ yín lára. Nítorí náà, ẹ má wo aago aláago ṣiṣẹ́. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ tètè sọ. Ẹ sì máa sinmi ní ọjọ́ Sátidé, àti nígbà tí òṣùpá bá lé tàbí tí ó bá kún, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn tó ń ṣe Ashtanga.