Ẹ yan nẹ́tíwọ̀kì kí ẹ tó yan fóònù

Ìbéèrè: Agbaja lẹ́bàá Lọ́kọ́ja ni mò ń gbé. Owó mi kò pọ̀. Fóònù wo ni kí n kọ́kọ́ rà, dátà wo sì ni kí n máa rà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra fóònù. Orí òkè pẹrẹsẹ ni Agbaja wà, òkè àti àfonífojì a sì máa dí nẹ́tíwọ̀kì lọ́nà. Èyí tó já gaara ní Lọ́kọ́ja lè má wọ yàrá yín. Ẹ yá síìmù MTN, Airtel àti Glo dán wò nínú ilé, pàápàá lálẹ́. Èyí tó bá mú ni kí fóònù tẹ̀ lé: kó jẹ́ 4G, kí bátìrì rẹ̀ sì tó 5,000 mAh, nítorí ọ̀rọ̀ iná. Ẹlòmíì yóò ní tòkunbọ̀ ló dínwó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bátìrì tó ti gbó ń náni lówó, WhatsApp kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí Android àtijọ́.

Ní ti dátà, láti oṣù kìíní 2025 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ti gbà kí àwọn iléeṣẹ́ náà fi tó 50% lé owó wọn, ìnáwó yìí gba ìṣirò. Dátà ọlọ́jọ́ kan máa ń dà bíi pé ó rọjú, àmọ́ ẹ fi ọgbọ̀n sọ ọ́ di púpọ̀, ó sábà máa ń ju ti oṣù lọ. Bí owó bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ ra ti ọ̀sẹ̀. Ẹ tẹ *312# kí ẹ rí iye tó jẹ́ lónìí, *323# fún dátà tó kù.