Àwòdì oníbébà

Ìgbà ọyẹ́ dé sí Kétu. Ilẹ̀ gbẹ, ètè ń bẹ́, atẹ́gùn sì ń fẹ́ láti ìhà àríwá. Inú àwọn ọmọdé dùn, nítorí ìgbà yìí ni wọ́n máa ń fi àwòdì oníbébà ṣeré. Ní èdè Faransé, orúkọ rẹ̀ ni cerf-volant.

Àlàbí ti ṣe tirẹ̀. Lọ́la, gbogbo ọmọ àdúgbò yóò gbé àwòdì wọn wá sí pápá. Àlàbí fẹ́ kọ́kọ́ dán tirẹ̀ wò. Ó sáré, ó fa okùn. Àwòdì gbéra, ó yí bírí, ó sì forí sọlẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwòdì já lulẹ̀. Omi bọ́ lójú Àlàbí.

Bàbá àgbà rẹ̀ jókòó lábẹ́ igi. Ó pè é.

— Àlàbí, gbé e wá kí n wò ó.

— Ẹ gbà á, Bàbá àgbà.

Bàbá àgbà ní: «Jẹ́ kí a wo ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.»

Egungun. Igi ọparun méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Èyí tó dúró lóòró gùn ní sẹ̀ntímítà 60. Èyí tó dábùú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ntímítà 50. Òwú ni a fi so wọ́n pọ̀. Egungun ni kì í jẹ́ kí bébà ká jọ. Kò gbọdọ̀ wúwo.

Ara. Bébà tàbí ọ̀rá fẹ́lẹ́ ni. Ara ló ń gba atẹ́gùn. Bí ó bá ya, atẹ́gùn yóò gba ojú ihò kọjá.

Ìjánu. Okùn kúkúrú ni. A so orí rẹ̀ kan mọ́ ibi tí igi méjèèjì ti pàdé, a so èkejì mọ́ ìsàlẹ̀ igi òòró. Ìjánu ló ń mú kí orí àwòdì fì síwájú díẹ̀ sí ìhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Nígbà náà ni atẹ́gùn tó kọ lù ú yóò lè tì í sókè.

Bàbá àgbà dákẹ́. Ó yí àwòdì náà padà.

— Ìrù rẹ̀ ńkọ́?

Àlàbí bojú wolẹ̀.

— Mo gé e kúrò, Bàbá. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Mo fẹ́ kí ó fúyẹ́.

— Ọmọ mi, ìrù kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ìrù. Ìrù ló ń fa ìsàlẹ̀ àwòdì, kí orí rẹ̀ lè máa wo òkè. Bí kò bá sí ìrù, àwòdì lè máa yí bírí bírí.

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò Àlàbí, sáré wọlé. Ó mú àkísà wá. Wọ́n ya á tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n so ó pọ̀ títí ó fi gùn tó mítà 3. Wọ́n so ó mọ́ ìdí àwòdì.

Àlàbí tún sáré. Àwòdì gbéra. Ó lọ sókè, ó lọ sókè, ó dúró jẹ́ẹ́ lójú ọ̀run! Àbẹ̀kẹ́ pàtẹ́wọ́.

— Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí èmi náà dì í mú.

Ṣùgbọ́n okùn bọ́ lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́. Àwòdì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì balẹ̀ sínú koríko.

Ó ya Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu.

— Bàbá àgbà, mo rò pé tí okùn bá bọ́, yóò lọ sókè sí i.

— Rárá o.

Okùn. Okùn ló ń mú àwòdì dúró kí atẹ́gùn lè tì í sókè. Bí okùn bá bọ́, atẹ́gùn yóò kàn gbé e lọ, yóò sì já lulẹ̀.

Àlàbí gbé àwòdì rẹ̀. Kò ya. Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀la kò jìnnà mọ́.

Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ẹ ṣọ́ra!
Ẹ má ṣe fi àwòdì ṣeré nítòsí wáyà iná, lójú títì, tàbí nígbà tí òjò bá ṣú.

Ìbéèrè
1. Kí ni Àlàbí gé kúrò lára àwòdì rẹ̀? Kí ló dé tó fi gé e?
2. Iṣẹ́ wo ni ìjánu ń ṣe?
3. Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí okùn bọ́ lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́?

Iṣẹ́ ṣíṣe
Ya àwòdì oníbébà sínú ìwé rẹ. Kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ márààrún sí i.