Owó Àlejò, Níbo Ló Ń Sùn?

  

Ọ̀rọ̀ wa tòní kan ẹnikẹ́ni tó ń múra àtilọ sí etí òkun. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ń bọ̀, inú rẹ̀ sì ni a ti ń ṣe ọdún ìṣẹ̀ṣe ní orílẹ̀-èdè wa. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ ti ń dá owó mọ́tò jọ láti lọ sí Wídà àti Grand-Popo. Lílọ dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni etí òkun yẹn, kí ni lílọ wa ń fi sílẹ̀ fún wọn?

Àwa náà mọ bó ṣe ń rí kí àlejò wá wo nǹkan ẹni. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gbé fóònù síwájú, tó ń fi èjìká ti àwọn ìyá àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí fọ́tò, ṣé kì í dùn wá? Ohun tó ń dùn wá yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá di àlejò nílé ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ ká mú Grand-Popo. Bí ẹ bá gba Kútọ̀nu kọjá, tí ẹ kọjú sí ọ̀nà Lomé, ó tó bíi kìlómítà 80 kí ẹ tó débẹ̀. Òkun wà lápá kan, odò Mono wà lápá kejì. Òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ìlú àtijọ́ náà, ilé àwọn babańlá wọn ti bómi lọ. Orí ilẹ̀ tóóró tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo nǹkan: apẹja ń fa àwọ̀n, obìnrin ń yan ẹja, àwọn kan ń gbin àlùbọ́sà àti tòmátì sínú iyanrìn. Orí ilẹ̀ yẹn kan náà ni òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ dúró sí.

Bí àlejò bá ti ń wá, owó ń wọlé lóòótọ́. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ń gbé èèyàn lọ sí ibi tí odò ti pàdé òkun, ìyá ẹlẹ́ja ń tà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ á gbówó lórí. Ẹni tó tà á jẹ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àlùbọ́sà ì bá máa bọ́ ọ lọ́dọọdún. Apẹja tí wọ́n mọ odi dí lọ́nà, ibo ni yóò gbà fa àwọ̀n? Ọmọ tó sì ti mọ̀ pé títọrọ lọ́wọ́ àlejò ń mówó wá, ilé ẹ̀kọ́ lè má dùn mọ́ ọn mọ́. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án.

Kí ni ká wá ṣe?

Àkọ́kọ́ ni owó. Bí ẹ bá di ìrẹsì, omi àti ọtí láti ilé, tí ẹ jẹun tán tí ẹ fi ọ̀rá sílẹ̀, ìdọ̀tí nìkan ni ìlú náà rí gbà. Ẹ ra ẹja lọ́wọ́ ẹni tó yan án. Ẹ wá ilé àlejò tó jẹ́ ti ọmọ ibẹ̀. Ní Djègbadji lẹ́bàá Wídà, àwọn obìnrin ń ha ilẹ̀ oníyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á sì sè é lórí iná igi títí yóò fi di iyọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ ná ọjà wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ná an pa.

Èkejì ni ìkíni. Ẹ bi ẹni tó ń tọ́ yín sọ́nà bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní èdè wọn. Ẹ kí kí ẹ tó wò, ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò. Bí wọ́n bá ní rárá, ó parí. Ẹ má wọ ojúbọ tí wọn kò ní kí ẹ wọ̀.

Ní etí òkun Wídà, ẹ ó rí Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995. Ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ni. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, àtọmọdọ́mọ wọn sì wà ní Bùràsíìlì àti Kúbà títí dòní. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fò sókè fún fọ́tò.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀mí yín. Òkun wa kì í ṣe odò. Ìgbì rẹ̀ le, omi abẹ́ rẹ̀ sì ń fa èèyàn lọ sínú. Mímọ odò wẹ̀ kò tó. Ẹ bi apẹja kí ẹ tó tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ má wọ̀ ọ́ bí ẹ bá ti mutí. Ẹ má fi ọmọdé sílẹ̀ níbẹ̀. Bí omi bá ń fa ẹnìkan lọ, kó má bá a jà. Kó lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kó máa tọ etí òkun lọ, kó gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n lè rí i.

Ẹ̀kẹrin ni ìmọ́tótó. Iyanrìn tí ẹ fẹ́ yàgbẹ́ sí, orí rẹ̀ ni wọn yóò sá ẹja lọ́la. Ẹ bèèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìjàpá òkun tó gòkè lóru láti yé ẹyin, ẹ má tan iná sí i, ẹ má ra ẹyin rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí àgbàlagbà tó ń fi owó tan ọmọdé, ẹ má dákẹ́. Ẹ sọ fún olórí àdúgbò tàbí ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin èèyàn wa, nígbà tí ẹ bá wọ mọ́tò padà sílé, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì: owó tí mo ná, níbo ló sùn? Bí mo bá tún padà wá, ṣé wọ́n á yọ̀ láti rí mi?

 Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire.