Èpò Inú Oko Kòkó Kékeré

Ẹni tí ó bá wọ oko kòkó ọlọ́dún kan ní agbègbè Ifẹ̀, Oǹdó tàbí Ìdànrè fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni òun wọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni yóò kọ́kọ́ rí; lẹ́yìn náà ni yóò rí kókò, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí tí ó ń fà nílẹ̀. Bí kò bá bẹ̀rẹ̀ wò dáadáa, ó lè má rí ọmọ kòkó rárá, nítorí pé kò tíì ga ju orúnkún lọ. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí àgbẹ̀ kò gbìn, tí ó sì ń yára dàgbà ju gbogbo ohun tí ó gbìn lọ. Èpò ni. Òun ni ó sábà máa ń pinnu bóyá ilẹ̀ náà yóò di oko kòkó tàbí yóò padà di igbó.

Ó ní ìdí tí oko kòkó kékeré fi máa ń kún fún èpò. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10, èyí tí í ṣe mítà 3, ni àgbẹ̀ máa ń fi sí àárín igi kòkó kan sí èkejì, kí ẹ̀ka wọn lè rí ààyè nà nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, igi bí 1,100 ni yóò wà lórí hẹ́kítà kan. Ní ọdún kìíní àti ọdún kejì, ewé kòkó kò tíì tó ohun tí ó lè bo ilẹ̀. Oòrùn a máa ràn sí ilẹ̀ náà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ kì í sì í pẹ́ ní ìhòòhò. Bí àgbẹ̀ kò bá fi nǹkan bò ó, èpò yóò bò ó. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbin oúnjẹ sí àárín kòkó. Oúnjẹ náà ń bọ́ ará ilé, ó ń ṣíji bo ọmọ kòkó, ó sì ń gba ààyè tí èpò ì bá gbà.

Èpò kì í ṣàdédé wá. Ọ̀pọ̀ irúgbìn rẹ̀ ti sùn sínú ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí àgbẹ̀ tó ṣán igbó, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń retí. Afẹ́fẹ́ ń gbé òmíràn wá. Ẹyẹ ń jẹ èso òmíràn, ó sì ń ya á sílẹ̀ níbi tí ó bá bà sí. Òmíràn, irú bí èèmọ́, a sì lẹ̀ mọ́ aṣọ ènìyàn tàbí irun ajá. Kódà, ẹrẹ̀ ara ọkọ́ tí a kò nù lè gbé èpò láti oko kan dé oko kejì.

Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo oko bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé èpò kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Àwọn kan jẹ́ koríko elẹ́wé tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ̀kan, eéran àti èèsún. Àwọn kan jẹ́ elẹ́wé fífẹ̀, bí imí-eṣú, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, gbúre àti ebòlò. Àwọn mìíràn ń fà, wọ́n sì ń lọ́ mọ́ igi, bí wèrèpè tí èso rẹ̀ máa ń yún ara. Patanmọ́ ń pa ewé rẹ̀ dé bí ọwọ́ bá kàn án, ṣùgbọ́n ẹ̀gún rẹ̀ kò ṣàánú ẹsẹ̀. Èsìsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn àgbà sì ti wí pé èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀tá. Obìnrin tí ó bá tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí oko náà lè já gbúre àti ebòlò fún ọbẹ̀ alẹ́, kí ó má sì ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀fọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn méjì wà nínú èpò wọ̀nyí tí àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Èkíní ni èyí tí orúkọ àwọn olóṣèlú Yorùbá méjì mọ́ lára, tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Èpò yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Amẹ́ríkà níhà ibi tí ooru wà ni orírun rẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó bá irúgbìn igi mẹlínà wọ Nàìjíríà láti erékùṣù tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Àwọn tí ó kó irúgbìn náà wá fẹ́ gbin igi. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ń gbin èpò pẹ̀lú rẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré, ó fúyẹ́, ó sì ní irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e. Ó lè ga ju ènìyàn lọ, kí ó sì bo ọmọ kòkó mọ́lẹ̀ pátápátá. Abẹ́ rẹ̀ ni tata máa ń yé ẹyin sí. Síbẹ̀, ó ní àǹfààní tirẹ̀: ewé rẹ̀ tí ó ń rẹ̀ dànù ń mú ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ lọ́ràá, àwọn ènìyàn sì máa ń fún oje rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Èkejì ni ẹ̀kan. Abẹ́ ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ìtàkùn funfun tí orí rẹ̀ mú ṣóńṣó ni ó ń tà káàkiri nínú ilẹ̀, ó sì lè gún iṣu wọ inú. Bí ọkọ́ bá gé ìtàkùn náà sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan lè hù padà. Bí iná bá jó o, ewé nìkan ni ó ń jóná. Ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ yóò tún rú. Ohun tí ẹ̀kan kò lè fara dà ni òjìji. Níbi tí ewé bá ti bo ilẹ̀, ẹ̀kan yóò máa rọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú.

Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ wà. Oko tí onírúurú èpò wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò pọ̀, sàn ju oko tí èpò kan ṣoṣo ti gbà lọ. Bí oríṣi oúnjẹ bá pọ̀ lóko, tí òjìji wà níhìn-ín tí oòrùn wà lọ́hùn-ún, kò rọrùn fún èpò kan láti jọba lórí ìyókù. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá ti ṣófo, tí iná sì ń jó o lọ́dọọdún, ẹ̀kan ni yóò gbẹ̀yìn gba ibẹ̀. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó gbọ́n máa ń ka èpò oko rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Bí ó bá rí ẹ̀kan tí ó ń pọ̀ sí i, ó mọ̀ pé òjìji kò tó ní ibẹ̀.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni èpò ń yí padà. Ní ọdún kìíní, àwọn tí ó fẹ́ràn oòrùn ni ó máa ń pọ̀. Nígbà tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò bá fẹ̀, ọwọ́ wọn yóò rọlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ka kòkó bá sì wá pàdé ara wọn lókè, tí ewé gbígbẹ tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, àwọn díẹ̀ tí ó lè fara da òjìji nìkan ni yóò kù. Láti ìgbà náà ni ìsinmi díẹ̀ ti dé bá olóko.

Ewu ńlá wà láàárín ìgbà méjèèjì yìí. Àgbẹ̀ mìíràn, bí ó bá ti kórè àgbàdo rẹ̀ tán, yóò fi oko sílẹ̀ lọ wá owó ní ìlú. Kí ó tó dé, Akíntọ́lá ti bo kòkó. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, èpò náà yóò gbẹ, iná ọdẹ kan ṣoṣo yóò sì sọ iṣẹ́ ọdún méjì di eérú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kòkó tí ì bá san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti lọ.

Ìtọ́jú kò ju agbára lọ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí èpò tó so èso ni kí a ti ro ó. Àdá ni ó yẹ kí a lò lẹ́bàá ìdí kòkó, kì í ṣe ọkọ́ tí ń wọlẹ̀ jìn, nítorí pé òkè ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbòǹgbò tí kòkó fi ń jẹun wà. Kí a fi èpò tí a gé tẹ́ ilẹ̀, kí ó má kan ìdí igi. Ẹ̀gúsí tí ń fà nílẹ̀ yóò bá àgbẹ̀ bo ilẹ̀ tí ó ṣófo. Ẹni tí ó bá sì ń lo oògùn apakoríko, kí ó ṣọ́ra, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú oògùn náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èpò àti ọmọ kòkó.

Ẹni tí ó mọ èpò oko rẹ̀ ní orúkọ, tí ó mọ èyí tí yóò fà tu, èyí tí yóò gé, àti èyí tí yóò já sínú ọbẹ̀, kì í fi agbára ṣòfò. Àdá wà lọ́wọ́ gbogbo àgbẹ̀. Ojú tí ń wo ilẹ̀ ni kò wọ́pọ̀.

Àwọn Ìbéèrè

1. Kí ni ó fà á tí èpò fi máa ń pọ̀ ní oko kòkó kékeré ju oko kòkó tí ó ti dàgbà lọ?
2. Báwo ni èpò tí a ń pè ní Akíntọ́lá ṣe dé Nàìjíríà? Sọ ibi kan àti àǹfààní kan tí ó wà lára rẹ̀.
3. Ṣàlàyé ìdí tí iná àti ọkọ́ kò fi lè ṣẹ́gun ẹ̀kan.
4. Kọ àròkọ ojú ewé kan lórí “Oúnjẹ tí a gbìn sí àárín igi ń ṣe iṣẹ́ méjì.”