Lójú Ta Ni Ó Ti Wúlò?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Ṣólàrín, ní Ìjagun lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, kì í pẹ́ kó tó bá orúkọ Fred Davis pàdé. Lọ́dún 1989 ni Davis gbé mọ́dẹ́lì rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà MIS Quarterly. Kí ló dé tí ẹnì kan fi ń gba ẹ̀rọ tuntun lò tí ẹlòmíì sì pa á tì? Davis ní ohun méjì ló wà níbẹ̀: bí ẹ̀rọ náà ṣe wúlò tó lójú ẹni tó fẹ́ lò ó, àti bó ṣe rọrùn tó lójú rẹ̀. (Mọ́dẹ́lì ni mo pè é, bí a ṣe ń pe tíọ́rì ní tíọ́rì. Àwọn tó ń pè é ní àwòkọ́ṣe ṣì í pè: ẹni tí à ń wo ìwà rẹ̀ láti fi kọ́ṣe ni à ń pè ní àwòkọ́ṣe.)

“Lójú” yẹn gan-an ló máa ń bọ́ sọnù nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tú ìwé ìbéèrè sí Yorùbá. Á dé ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, á bi ìyá tó ń ta aṣọ pé, “Ṣé ẹ̀rọ POS wúlò?” Màmá á ní, “Ó wúlò, ọmọ mi.” Ta ni kò mọ̀ pé ó wúlò? Ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni màmá sọ fún un. Ẹ jẹ́ kó bi wọ́n báyìí: “Lójú tiyín, mà, ṣé POS ń jẹ́ kí ẹ tètè dá oníbàárà lóhùn?” Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó ro ọjà tiwọn.

Ti ìrọ̀rùn tún dùn mọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Ó rọrùn” kò sọ ẹni tó rọrùn fún. Ṣùgbọ́n Yorùbá máa ń la ọ̀rọ̀ náà sí méjì, wọ́n á fi èèyàn sáàárín: ó rọ̀ mí lọ́rùn, ó rọ̀ yín lọ́rùn. Ìyá tó bá ní, “Ó wúlò, àmọ́ kò rọ̀ mí lọ́rùn,” ti fi gbólóhùn kan ya ohun méjèèjì tí Davis ń wá sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ sínú ìbéèrè kan. Davis fúnra rẹ̀ fi ìbéèrè mẹ́fà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé ìwúlò lágbára ju ìrọ̀rùn lọ: ẹni tó bá rí èrè nínú nǹkan á fara da wàhálà rẹ̀.

Lọ́dún 2003, Venkatesh àtàwọn mẹ́ta mìíràn, Davis sì wà nínú wọn, yẹ mọ́dẹ́lì mẹ́jọ wò, wọ́n sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ẹni kún un. “Ipa àwùjọ” ni ọ̀pọ̀ ń kọ, ó sì fẹ̀ jù. “Ẹni tí mo kà sí” ni ìbéèrè wọn ń wá. Èèyàn tí ìyá aláṣọ mọ̀ lọ́jà pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó kà sí lè má ju ìyálọ́jà àti ọmọ rẹ̀ tó kàwé lọ.

Ẹ má sì pe gbígba ẹ̀rọ lò ní “ìfọwọ́sí ẹ̀rọ” mọ́. Ọ̀gá ọ́fíìsì ló ń fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó gba nǹkan tuntun tọkàntọkàn, ìtẹ́wọ́gbà ni tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2005 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ ni yunifásítì tó wà ní Ìjagun yẹn. Bí wọ́n bá ṣe pè é níbẹ̀ ni yóò ṣe dé kíláàsì.

Ó ku ìlò fúnra rẹ̀. DeLone àti McLean, lọ́dún 1992, ka ìlò mọ́ ohun tí a fi ń mọ̀ pé ètò kọ̀ǹpútà kẹ́sẹ járí. “Mo lo POS” lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí owó tán lọ́wọ́ oníbàárà. “Mo máa ń lò ó” ni ìṣe ojoojúmọ́. Nítorí náà, “Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń lò ó lọ́sẹ̀, mà?” ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sínú ìwé ìbéèrè rẹ̀.