Ajá Tí Kì í Jẹ́ Ìpè

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, bí mo bá rìnrìn àjò, ọmọ àdúgbò kan ní ń bá mi tọ́jú ajá mi, ṣùgbọ́n ajá náà kì í jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni, bí a ti wù kí a nà án tó. Kí ni kí a ṣe? – Ìyá Ìbejì, Ìsọlọ̀.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, àwọn baba wa tí wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àwọn náà ni wọ́n ń fi sùúrù kọ́ ajá ọdẹ láti kékeré, tí wọ́n sì ń fún un ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹran tó bá bá wọn pa, títí etí rẹ̀ yóò fi mọ ohùn olówó rẹ̀ nínú igbó kìjikìji. Ẹ sọ pàṣán nù, mo bẹ̀ yín. Ní kùtùkùtù, kí ariwo mọ́tò Oṣòdì àti ti ọkọ̀ òfuurufú tí ń balẹ̀ sí Ìkẹjà tó gbòde, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì fún un ní ẹran díẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó bá dé. Kí ẹ tó lọ sí àjò, kí ọmọ náà ti máa bọ́ ọ níṣojú yín, kí ọ̀rọ̀ ìpè yín sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n kí dókítà ẹran kọ́kọ́ fún ajá náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bí ó bá sì gé ọmọ náà jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.